Ìwé Owó Orí Màmá Mi Ló Tú Wa Fó

Ìwé tí ọkàn mi balẹ̀ lé jù lọ ni wọ́n fi dá mi padà. Ọdún 2022 ni. Yunifásítì kan ní Kánádà ti gbà mí, ó ku físà. Owó ilé-ìwé ọdún kan, pẹ̀lú 10,000 dọ́là Kánádà fún oúnjẹ àti ilé, ni wọ́n ní kí n fi hàn nígbà náà. Iye yẹn ti ju ìlọ́po méjì lọ báyìí, torí náà ẹ má fi tèmi ṣe òṣùwọ̀n.

Màmá mi ló dúró fún mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Owó ọwọ́ wọn kò tó, ni ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ìbejì, bá sọ mílíọ̀nù 6 náírà sínú àkáǹtì wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A gba státímẹ́ńtì oṣù mẹ́rin ní báǹkì, mo so tax clearance màmá mi, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé èèyàn ti san owó orí, mọ́ ọn, mo sì ń fọ́nnu kiri.

Wọ́n kọ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò la ọ̀rọ̀ yé èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé lọ́hùn-ún ló san dọ́là 5, ó bá mi béèrè fún ohun tí òṣìṣẹ́ tó yẹ ìwé mi wò kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GCMS notes. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Owó ńlá kan wọlé lójijì, kò sì sí ìwé tó sọ ibi tó ti wá. Ìkejì ló dùn mí: iye tí onígbọ̀wọ́ mi ń pa lọ́dún kò bá ohun tó wà ní báǹkì rẹ̀ mu.

Mo lọ gbé tax clearance náà, mo wá kà á dáadáa. Ọdún mẹ́ta ló máa ń kó jọ: iye tí wọ́n bu owó orí lé, iye tó kàn ọ́, iye tí o san. Tiwọn sọ pé 480,000 náírà ni wọ́n ń pa lọ́dún. Báǹkì sì ní mílíọ̀nù 2 ń wọlé lóṣù! Lóòótọ́, owó ọjà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ti san án, gbèsè aṣọ ló ń bá lọ. Ṣùgbọ́n èrè wọn kò kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọn kọ ìwé lọ́jọ́sí ló ní kí wọ́n dárúkọ iye kékeré kí owó orí má baà wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ta ni kì í ṣe é lọ́jà? Mi ò lè bá wọn wí.

Ájẹ́ńtì kan ní òun á bá wa tẹ òmíràn, kí a ṣáà sọ iye tó wù wá. Mo sá fún un. Físà tí wọ́n kọ̀, o lè tún un béèrè. Bí ọwọ́ bá tẹ ayédèrú ìwé, ọdún 5 ni Kánádà máa fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ.

Bàbá Ìbejì la wá fi ṣe onígbọ̀wọ́. Oṣù dé, wọ́n ti yọ owó orí kúrò nínú owó iṣẹ́ wọn kó tó dé ọwọ́ wọn, nítorí náà tax clearance wọn àti ìwé owó oṣù wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ilẹ̀ tí wọ́n tà ní Ọ̀yọ́ ló di mílíọ̀nù 6 yẹn. A fi ìwé àdéhùn rẹ̀ sí i, a tún fi ojú ewé státímẹ́ńtì tí owó olùrà ti wọlé sí i. Mo búra ní kóòtù pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan, mo ṣàlàyé owó ọjà àti èrè màmá mi, mi ò sì fi 480,000 yẹn pamọ́.

Aládùúgbò wa kan san owó orí ọdún mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà nítorí físà. Déètì kan ṣoṣo ló wà lára rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà kejì, wọ́n fún mi. Lọ́dún yìí, màmá mi pè mí nínú oṣù March pé àwọn ti lọ sọ iye èrè àwọn gan-an fún àwọn agbowó-orí, kó tó di ọjọ́ 31. Wọ́n kùn títí mo fi rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ló dé lójijì.

“Àbúrò rẹ náà ti ń sọ̀rọ̀ Kánádà.”