Àṣẹ Àlejò, Àṣẹ Onílé: Ohun tí Ó Dí Wireshark Lójú Nínú Virtual Machine Mi

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdí tí Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, tó wà nínú virtual machine mi (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn), kò fi rí nǹkan kan tó nítumọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kubwa, níbi tí dátà oṣù kan ti ń tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo ti gba ìwé àṣẹ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí kí n tó fọwọ́ kan wáyà kankan, nítorí pé òfin Cybercrimes Act ti ọdún 2015 ka dídẹtí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn láìgba àṣẹ sí ọ̀ràn ńlá. Àṣẹ ti ènìyàn ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Àṣẹ ti ẹ̀rọ ni ó kù.

Ubuntu ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, Debian sì ni mo fi sínú VMware Workstation, ètò tó ń gbé virtual machine ró, lórí rẹ̀. Irú Linux ni àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n pe Ubuntu ní onílé, kí n pe Debian ní àlejò. A ti ṣètò switch ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn àpótí tó so àwọn ẹ̀rọ wọn pọ̀, kí ó máa da ẹ̀dà gbogbo ohun tó ń kọjá sí ojú ihò kan, ibẹ̀ ni a sì ki wáyà mi bọ̀.

Ìṣòro kìíní kò le. Wireshark ṣí, ṣùgbọ́n kò fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan hàn wá. Ẹ má ṣe torí èyí fi agbára root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú Linux, ṣí Wireshark o. Dumpcap, ètò kékeré tó ń kó pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) jọ, nìkan ni ó nílò agbára. Wireshark fúnra rẹ̀ kún fún àìmọye kóòdù tó ń túmọ̀ pákẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àṣìṣe kan péré nínú wọn sì lè di ọ̀nà fún olè. Mo lo `sudo dpkg-reconfigure wireshark-common`, ó béèrè bóyá kí ẹni tí kì í ṣe root lè kó pákẹ́ẹ̀tì jọ, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo fi orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ wireshark, mo jáde, mo sì tún wọlé, nítorí pé ẹgbẹ́ tuntun kì í ràn mọ́ ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, ó ti ń ṣiṣẹ́!” Àbúrò tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ni ó pariwo bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni pákẹ́ẹ̀tì ń sáré lójú ẹ̀rọ, èmi náà sì gbà. Ibẹ̀ gan-an ni a ti tàn wá jẹ, nítorí pé nígbà tí mo farabalẹ̀ kà wọ́n, kìkì ARP (ìbéèrè tí ẹ̀rọ fi ń wá àdírẹ́sì ẹ̀rọ mìíràn), àwọn ìkéde mìíràn tí a ń ṣe fún gbogbo ẹ̀rọ, àti ohun tí Debian fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ni mo rí. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì mìíràn rárá. Kí káàdì tó lè gba ohun tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò tí wọ́n ń pè ní promiscuous mode. Àlejò ti béèrè fún un, onílé ni kò gbà. Wireshark kò sì ráhùn, nítorí pé kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. VMware ti kìlọ̀ fún wa pé òun kò gbà á nítorí ààbò, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti tẹ OK kí n tó rí i.

Mo padà sórí Ubuntu, mo tẹ `ls -l /dev/vmnet0`, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí àlejò tó wà lórí bridged (ètò tó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi tààrà) ń gbà jáde. Ó dáhùn pé `crw------- 1 root root`. Root nìkan ni ó láṣẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní kí a tẹ `chmod a+rw`. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò lè dẹtí. Mo dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, mo fi ara mi sí i, mo fi `chgrp` fún ẹgbẹ́ náà ní ẹnu ọ̀nà yìí, mo sì fi `chmod g+rw` ṣí i fún wa.

Ní ọjọ́ kejì, tí mo tún tan kọ̀ǹpútà, ó ti padà sí ti àtijọ́, torí pé ọ̀tun ni VMware ń dá vmnet0 ní gbogbo ìgbà tó bá gbéra. Mo kọ ìlà méjèèjì náà sínú `/etc/init.d/vmware`, níbi tó ti ń gbé vmnet dìde, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí VMware bá sọ ara rẹ̀ dọ̀tun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo VirtualBox, ètò mìíràn tó jọ VMware, inú ètò káàdì ni ti yín wà: lábẹ́ Promiscuous Mode, Deny (má gbà) ni ó máa ń wà, ẹ yí i sí Allow All (gba gbogbo rẹ̀), kí ẹ sì rí i pé bridged ni ẹ wà, kì í ṣe NAT, níbi tí àlejò ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́sì onílé. Ẹ lo wáyà. Wi-Fi kì í sábà jẹ́ kí ọ̀nà yìí yọrí sí rere.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín àwọn ẹ̀rọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí kò sinmi títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì tọ wáyà rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga akọ̀wé: àpótí kámẹ́rà ẹnu géètì ni, tó ń fi gbogbo àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru.