Owó kíkó sójà, ó yẹ kí ìyàwó náà mọ̀ nípa ẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lálẹ́ àná, ọ́dà ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé kí wọ́n kó kúrò ní Texas, ohun tó sì kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo làwọn ti fẹ́ rówó tí àwọn máa fi kó. Mo ní ṣé ọkọ ẹ ò tíì ṣàlàyé fún ẹ ni, ó ní ọkọ òun kàn sọ pé "Army á san án" ó sì bá tiẹ̀ lọ. Háà! Gbólóhùn yẹn náà ni baálé tèmi sọ fún mi ní 2024 nígbà tá à ń kó láti ibùdó sójà Fort Campbell lọ sí Joint Base Lewis-McChord ní ìpínlẹ̀ Washington. Army san án lóòótọ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tá a ti ná tiwa tán, tá a tún ti jẹ gbèsè lórí káàdì ni, torí pé èmi tí owó ilé wà lọ́wọ́ mi ò mọ ohun tó tọ́ sí wa, òun tó sì mọ̀ ọ́n, ó ti bá wọn lọ fún ìdánrawò nínú igbó.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. Ọkọ mi wọṣẹ́ ní 2015 nípasẹ̀ ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò nígbà yẹn, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè ọ̀hún. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ wọlé gbà pé ìwé iṣẹ́ jẹ́ ti ọkùnrin, ilé jẹ́ ti obìnrin. Ṣùgbọ́n owó PCS yìí, ìyẹn owó tí wọ́n ń san tí sójà bá ń kó láti ibùdó kan lọ sí òmíràn, owó ilé ni! Orí ìyàwó àtọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi orí ẹ̀ gbowó, ṣé kò wá yẹ kó mọ iye tó jẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣírò ẹ̀. Láti Clarksville lẹ́bàá Fort Campbell, níbi tá à ń gbé, dé ibi tá à ń lọ tó bíi máìlì 2,400. Máìlì 350 ni wọ́n kà sí ìrìn ọjọ́ kan, èyí tó bá ṣẹ́ kù tó sì ju 50 lọ, wọ́n á fi ọjọ́ kan kún un, ìyẹn ló jẹ́ kí tiwa jẹ́ ọjọ́ 7. Nígbà yẹn, dọ́là 166 ni wọ́n ń san fún sójà fúnra ẹ̀ lójúmọ́ fún oúnjẹ àti ibi tó máa sùn lójú ọ̀nà, ìyàwó tó bá a rìn á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀, ìyẹn 124.50, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12 á gba ìdajì, 83. Ọmọ méjì la ní, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbúrò jẹ́ ọmọ oṣù 5. Ẹ rò ó pọ̀ fún ọjọ́ 7, dọ́là 3,195.50 nìyẹn. Owó mọ́tò tún wà lọ́tọ̀, sẹ́ǹtì 21 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní dọ́là 500. (Iye yìí máa ń yí padà o, ẹ má fi ti 2024 lọ bá fáìnáǹsì jà.) DLA tún wà, èyí tí wọ́n ń wo ipò sójà àti bóyá ó ní ìdílé kí wọ́n tó san án, ìyẹn lẹ máa fi ra kọ́tìnì, ìgbálẹ̀, ìyọ̀, gbogbo pẹ́pẹ̀pẹ́ tí èèyàn máa ń dá sílẹ̀ tó bá ń kó. Ẹ lè béèrè fún DLA yìí kẹ́ ẹ tó gbéra. A ò béèrè, káàdì la fi san gbogbo ẹ̀.

Màámi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn. Èèyàn márùn-ún ló jókòó sínú mọ́tò, èèyàn mẹ́rin ni Army rí. Ní tiwọn, ìyá kì í ṣe ará ilé àfi tí sójà bá fi ìwé hàn pé òun ló ń gbọ́ ohun tó ju ìdajì bùkátà wọn lọ, tí àwọn tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí i. Ìyá tó wá lo oṣù mélòó kan ò sí nínú ẹ̀. Ní Billings ní Montana, wọ́n ní yàrá kan ò lè gba èèyàn márùn-ún, a sì san owó yàrá kejì lápò ara wa. Inú yàrá yẹn ni màámi ti bi mí pé, "Àdùkẹ́, ṣé èmi ò wá sí nínú ìwé wọn ni?" Mo ní ẹ má bínú, màámi, bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Wọn ò fèsì. Wọ́n ní kí n kó gbogbo rìsíìtì tí mo ti há mọ́ iwájú mọ́tò wá, wọ́n tò wọ́n lọ́jọ́ lọ́jọ́, wọ́n ká wọn, wọ́n dì wọ́n sí etí ìró bí wọ́n ṣe máa ń di owó ọjà. Láti ibẹ̀ dé Tacoma, ibi yòówù tá a bá ti dúró sanwó, ọwọ́ wọn á ti na síwájú láti ẹ̀yìn mọ́tò pé mú un wá.

Ibi tí mi ò ti gbọ́rọ̀ sí màámi lẹ́nu ló wá dùn mí jù. Nígbà tá a dé, ilé ò tíì ṣófo, alẹ́ 11 la sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. TLE, ìyẹn owó ibi téèyàn máa sùn fúngbà díẹ̀ kó tó rílé, ló ń san ìyẹn, ọjọ́ 10 ló wà tẹ́lẹ̀, ní 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di 14, iye tó sì jẹ́ nígbà tiwa nìyẹn. Orí ìkànnì kan tó ń ta yàrá fún oríṣiríṣi hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti gba tiwa, torí ó fi dọ́là 8 dín lálẹ́ kan. Màámi bi mí pé ìwé ẹ̀ dà, mo ní ó wà nínú fóònù. Ọkọ mi fi fọ́ọ̀mù 1351-2 tí sójà fi ń béèrè owó tó ná lójú ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n ní àpapọ̀ owó nìkan ló wà lórí rìsíìtì yẹn, kò sọ iye alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò ya owó tax sọ́tọ̀. Ó tún fi sílẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ 9 tí èyí fi ń lọ, èlé ń gun orí gbèsè káàdì. Ìgbà tó yá mo wa mọ́tò lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà fúnra mi, mo gbé ọmọ pọ̀n, obìnrin tó wà ní kántà sì ṣàánú mi, ó tẹ ìwé kan tó to alẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi san án. Ẹ jọ̀ọ́, hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ni kẹ́ ẹ pè, kí orúkọ sójà wà lórí rìsíìtì, kí iye alẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kó sì hàn pé ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.

Ti ẹrù ńkọ́? Páùn 9,000 ni wọ́n ń gbé fún sergeant E-5 tó ní ìdílé, ohun tó bá lé, sójà ló máa san án. Ṣùgbọ́n ohun èlò iṣẹ́ sójà wà lọ́tọ̀ títí dé páùn 2,000, ti ìyàwó náà títí dé 500, ìwé nọ́ọ̀sì mi àti aṣọ iṣẹ́ mi wà nínú ẹ̀, ẹ sáà sọ fún àwọn tó ń di ẹrù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó di tiwa fi ọwọ́ méjèèjì gbé odó mi, ó yí i po, ó kọ "SC" síwájú ẹ̀ nínú ìwé, ìyẹn ni pé ó ti họ tẹ́lẹ̀. Tí irú ẹ̀ ò bá tẹ́ ẹ yín lọ́rùn, ẹ kọ tiyín sínú ìwé náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹrù dé, odó dé, ọmọ odó ò dé. Ọjọ́ 180 lẹ ní láti fi tó wọn létí, oṣù 9 láti béèrè owó ẹ̀ kí wọ́n lè san iye tẹ́ ẹ máa fi ra tuntun. Mo béèrè, wọ́n sì san án.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, owó lísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ bá gbà ní ìpínlẹ̀ tuntun náà wà níbẹ̀, wọ́n lè dá a padà fún yín títí dé dọ́là 1,000. Ẹ tọ́jú ìwé tẹ́ ẹ fi san án.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi gba ọ́dà yẹn lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ lálẹ́ àná náà kó kà á láti òkè délẹ̀. Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun rí orúkọ òun, òun rí tàwọn ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìkókó tí òun bí lóṣù tó kọjá ò sí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé ọjọ́ìbí ẹ̀ dání lọ sọ́fíìsì ní Monday, kí wọ́n má tíì di ẹrù kankan.