Alẹ́ tí wọ́n lé Fannie Lou Hamer lóko

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ

Oorun ò tíì kun mí. Irú ọjọ́ òní, lọ́dún 1962, ni Fannie Lou Hamer, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó di ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, àtàwọn 17 mìíràn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola ní ìpínlẹ̀ Mississippi, láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò. Ẹni ọdún 44 ni. Ọdún yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òfin fún èèyàn dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.

Wọ́n ní kó ṣàlàyé apá kan nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà. Ó fìdí rẹmi. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ọlọ́pàá dá bọ́ọ̀sì wọn dúró, ó ní àwọ̀ rẹ̀ jọ ti bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé jù. Jìnnìjìnnì bo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, àfi bí Hamer ṣe gbẹ́nu lé orin ìsìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ò jẹ́ n sùn. Ọdún 18 ni Hamer ti ń ṣiṣẹ́ lóko òwú kan, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Olóko ti gbọ́ kó tó délé, ó ní kó lọ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ tó lọ béèrè fún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó jáde. Hamer fèsì pé òun ò torí tiẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, torí ara òun lòun ṣe lọ. Ó kúrò níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ní láti dúró títí ìkórè fi parí.

Ọmọ ọdún 6 ló ti ń já òwú, òun ló kéré jù nínú ọmọ 20. Ẹni tó nilẹ̀ ló ń yá wọn lóúnjẹ àti irúgbìn, òun náà ló ń ka gbèsè. Ó jọ ìwọ̀fà ayé àtijọ́ lójú mi, àmọ́ ìwọ̀fà tó bá rówó san ti gba ara rẹ̀ nìyẹn. Gbèsè tiwọn kì í tán.

Ìyà tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà pọ̀. Ní túbú ìlú Winona, ní Mississippi, lóṣù Kẹfà 1963, àwọn ọlọ́pàá fipá mú ẹlẹ́wọ̀n méjì pé kí wọ́n fi kóńdó lù ú. Kíndìnrín rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n ní Atlantic City, lóṣù Kẹjọ 1964, níbi àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic, tí òun àti ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ti ní káwọn ṣojú Mississippi dípò àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Ìjókòó méjì péré ni àwọn olórí Democratic fi lọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àpéjọ náà. Hamer àtẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ó ti rí i pé ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olóko, ìbò rẹ̀ wà lọ́wọ́ olóko. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Torí náà ló ṣe dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1969, tí wọ́n ń fún ìdílé tó ṣaláìní ní abo ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá bímọ, wọn á dá ọmọ méjì padà kó lè dé ilé ẹlòmíràn. Ìyá àgbà mi náà máa ń fi ewúrẹ́ fáwọn èèyàn sìn, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi kíákíá.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1977 ló kú. Ruleville ni wọ́n sin ín sí, lórí ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yẹn rà.