Ibi tí ráàṣì ti wá

Nílé-Ifẹ̀ níbí, tí ooru bá ti mú, tí ọrùn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wẹẹrẹ, kíá lẹ máa gbọ́ "ráàṣì", àní lẹ́nu ìyá tí ò lọ ilé ìwé rí. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé àtijọ́ lÒyìnbó ti mú un, rasche, èépá ni wọ́n ń fi pè, ìdí ẹ̀ tún wọnú èdè Látìn, radere, kéèyàn máa fá nǹkan, àbí kí lẹni tára ń yún máa ṣe jùyẹn lọ! Rash tí wọ́n fi ń bú oníwàǹwára ò bá a tan rárá o, ẹbí èdè Jámánì nìyẹn, wọ́n ṣì ń pe kíákíá ní rasch níbẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé tólè bá ń jà léraléra láàárín ìlú, ráàṣì náà làwọn oníwèé ìròyìn Òyìnbó ń pè é.