Ẹni tó ń pariwo kọ́ ló burú jù

Níbi jàǹbá ọkọ̀, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tàbí ní Ìwó Road, ẹni tó ń ké "ẹ gbà mí o" lèrò máa ń sáré bá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara pa ni pé ẹni tó lè ké, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣì là. Ẹni tó fara ti gọ́tà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Tí àwọn tó fara pa bá pọ̀, ẹ ní kí ẹni tó bá lè rìn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ máa padà yẹ̀ wọ́n wò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àyà ẹni tí kò lè rìn, kẹ́ ẹ fi fóònù ka ìmí fún ìdajì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá lé ní 30, tàbí tí kò tó 10, ọ̀ràn ti le. Tí kò bá mí rárá, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, bóyá èémí á wọlé. Ẹ fi ìka méjì wá iṣan tó ń lù ní ọrùn ọwọ́, níhà àtàǹpàkò. Tẹ́ ẹ ò bá bá a níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá sọ fún un pé: "Di ọwọ́ mi mú, jù ú sílẹ̀." Tí kò bá lè ṣe é, ó wà lára àwọn tó burú.

Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Nínú nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà, ọ̀dọ́ lè pàdánù tó lítà kan ààbọ̀ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀, nígbà tó bá sì já, kíá ni. Egungun itan tó ṣẹ́ lè fi lítà kan pa mọ́ sínú láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan níta. Torí náà, iṣan tó ń sáré àti òógùn tútù ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Awọ dúdú kì í jẹ́ ká rí i pé ara èèyàn ti ń funfun. Inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Bàbá tàbí ìyá tó ń lo oògùn ìfúnpá ní tiẹ̀, iṣan rẹ̀ lè má sáré rárá. Tó bá ti tó ẹni ọdún 65, ìfúnpá tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ kò tó 110 kò dáa.

Ẹni tí ọkọ̀ jù síta, tàbí tí ẹlòmíì kú nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kà á mọ́ àwọn tó burú bó tilẹ̀ jókòó tó ń bèèrè píọ́ wọ́tà. (Ẹ má fún un o.)

Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 tàbí 112. Ẹ má ká ẹni tó fara pa kò sẹ́yìn ọkọ̀ Micra, ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Ẹ sọ iye fún ilé ìwòsàn: "Ó ń mí 34, a ò bá iṣan lọ́wọ́" wúlò ju "ó ti fẹ́ kú" lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, torí wọ́n máa gé aṣọ yẹn dànù.