Sísílì: bí orúnkún Màmá ṣe gé ìrìnàjò wa sí méjì

Alẹ́ Sátidé tó kọjá, mo tẹ́ máàpù Sísílì, erékùṣù kan ní Ítálì, sórí tábìlì nínú kíṣìnì, mo mú báírò pupa, mo fi yí gbogbo erékùṣù náà po: Palermo, Trapani, Agrigento, Ragusa, Siracusa, Catania, Taormina, Messina, Cefalù, ká tún wá padà sí Palermo, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Mo ti ń rí ara mi nínú mọ́tò kékeré kan, wíńdò ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí mi lójú. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, kò wí nǹkan kan, ó kàn ń tẹ fóònù ẹ̀, ó ń ro wákàtí pọ̀. Ìgbà tó ṣe tán ló ní, "Bàbá Tòmíwá, wákàtí bíi ogún lẹ fẹ́ ká lò nínú mọ́tò o, mi ò sì tíì ka ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣìnà mọ́ ọn. Ṣé hólídè la ń lọ ni àbí ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dánfó?"

Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Sísílì ló tóbi jù nínú gbogbo erékùṣù inú òkun Mẹditaréníà, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń yí po bíi pé ó ń rìn yí ilé bàbá ẹ̀ ká. Láti Palermo dé Catania nìkan, ká la àárín erékùṣù kọjá, ó tó 200 kìlómítà, ìyẹn Èkó sí Ìbàdàn ká tún fi ìdajì ẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá wá ní etí òkun lẹ fẹ́ máa gbà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa dúró níbi gbogbo tó bá rẹwà, ẹ ò ní rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn tírélà lọ.

Oṣù tá a máa lọ ò fa wàhálà. August, rárá o. Ìgbà yẹn ni gbogbo Ítálì máa ń dà sí etí òkun, pàápàá ní 15 August tí wọ́n ń pè ní Ferragosto, họ̀tẹ́ẹ̀lì á wọ́n bí ojú, ooru á tún wá gorí ẹ̀. Ní August 2021 wọ́n wọn ooru tó tó 48.8 dígírì nítòsí Siracusa, òun ló ga jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù. Maiduguri gan-an á dìde kí i. Ìparí September la mú, omi òkun á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn èrò á ti dín kù.

Ibi tá a ti ń jiyàn ìlú wo la máa yọ àti èyí tá a máa lọ ni Màmá ti fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Torí wọn gan-an la ṣe ń lọ, wọ́n máa pé ọdún 75. "Àkànní, Àkànní ọmọ mi. Wọ́n ní òkè kan wà níbẹ̀ tó ń pọ iná lẹ́nu. Má mú mi débẹ̀ o. Èmi àti òkè ò jà. Orúnkún mi yìí náà, o ṣáà mọ̀ ọ́n." Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fóìsì nóòtù yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ẹ̀, orúnkún ni.

Etna ni wọ́n sọ fún wọn. Ó ga ju 3,300 mítà lọ, kò sì tíì sùn, ó ṣì ń tu iná dáadáa, eérú ẹ̀ a tiẹ̀ máa jẹ́ kí wọ́n ti éápọ́ọ̀tù Catania pa nígbà míì. Bí Etna ṣe kúrò nínú ẹ̀ nìyẹn, mo yọ Taormina náà, torí orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú ọ̀hún sí, àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún, àtẹ̀gùn lósì. Nígbà tí ìwọ̀nyẹn ti lọ, kí la tún ń wá lápá ìlà oòrùn? Ìyàwó mi ló dùn jù, torí Siracusa lòun fẹ́, ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ tẹ́ńpìlì àwọn Gíríìkì àtijọ́, àwọn òpó tẹ́ńpìlì yẹn ṣì yọ jáde lára ògiri títí dòní. Mo ṣèlérí fún un pé a máa padà lọ, àwa méjèèjì nìkan. Ó wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ irú ìlérí yẹn rí.

Ohun tó wá dá apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Palermo wà, láre pátápátá ni ẹni mímọ́ kan. Àgùdà paraku ni Màmá, mo wá sọ fún wọn pé èèyàn dúdú kan wà lára àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ ìlú Palermo, Benedetto lorúkọ ẹ̀, "il Moro" ni wọ́n fi kún un torí àwọ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn òbí ẹ̀ ti wá, ẹrú ni wọ́n ní San Fratello, ní Sísílì níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀wé, ó wọ ilé àwọn Franciscan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Àgùdà tó fi ayé wọn fún ìsìn, kúùkù ni wọ́n fi í ṣe, nígbà tó yá wọ́n fi í jẹ olórí ilé náà pẹ̀lú àìmọ̀wé ẹ̀, ìgbà tó ṣe olórí tán ó padà sídìí ààrò. Ó kú ní 1589, wọ́n kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1807. Òun kan náà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbà mọ́ra, São Benedito ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Màmá tí mò ń sọ yìí, wọ́n ta oúnjẹ ní Mọ́kọ́lá fún ọgbọ̀n ọdún. "Kúùkù?" ni wọ́n ní. "Ó dúdú bíi tiwa, ó sì jẹ́ kúùkù? Kí lẹ tún ń rò?" Mi ò fi pa mọ́ fún wọn pé iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù tí òkú ẹ̀ wà ní July 2023. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní a máa dúró síta gbàdúrà, iná ò jó àdúrà.

Bó ṣe wá rí báyìí nìyí. Òru mẹ́rin ní Palermo, mẹ́ta ní Trapani, ọ̀kan ní Agrigento, ká padà sí éápọ́ọ̀tù Palermo. Ibùsùn mẹ́ta péré dípò mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti bá àgbà rìnrìnàjò rí á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ló ń jẹ àkókò, àpò dídì ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ ìsàlẹ̀ àpótí, rọ́sárì tó sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní Palermo a ò ní gba mọ́tò rárá. Monreale wà lórí òkè níbẹ̀ nítòsí, takisí á gbé wa débẹ̀, àwòrán tí wọ́n fi òkúta wínníwínní àti wúrà tò sára ògiri kún gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, ohun tó sì dáa jù ni pé èèyàn ò ní gun nǹkan kan, ẹ kàn máa jókòó lórí bẹ́ńṣì, ẹ gbójú sókè. Cefalù, rélùwéè máa gbé wa lọ ní bíi wákàtí kan, ká jẹ ẹja létí òkun, ká padà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn, ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara mi. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìlú kan ní Ítálì tí mi ò ní dárúkọ, mo wa mọ́tò tá a rẹ́ǹtì wọ àárín ìlú, mò ń wá họ̀tẹ́ẹ̀lì, mo rí páálí róbótó kan tí wọ́n kun etí ẹ̀ ní pupa, tí wọ́n kọ ZTL sábẹ́ ẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ páákìn ni. Ó ṣẹlẹ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, àdúgbò tí àwọn tó ní páàsì nìkan lè wa mọ́tò wọ̀ ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí mo ti gbàgbé pé mo lọ Ítálì rí, lẹ́tà dé. Fáìnì. Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà míì dé, torí mo gba ojú ọ̀nà kan náà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó rẹ́ǹtì mọ́tò fún mi sì ti kọ́kọ́ yọ owó tiwọn nínú káàdì mi, ìyẹn owó iṣẹ́ pé wọ́n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ fáìnì. Palermo náà ní ZTL, nítorí náà ọjọ́ tá a bá ń kúrò níbẹ̀ la máa gba mọ́tò, ní éápọ́ọ̀tù, ká gba A29 tí wọn ò gba owó lórí ẹ̀ lọ sí Trapani. Kírẹ́díìtì káàdì tó ní orúkọ ẹni tó máa wa mọ́tò lára ni kẹ́ ẹ mú dání, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kì í gba débíìtì fún owó ìdúró tí wọ́n máa ń dì mú títí ẹ fi dá mọ́tò padà. Tó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lẹ ní, ẹ gba èyí tí wọ́n ń pè ní International Driving Permit mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Trapani, oúnjẹ ló gbé mi débẹ̀. Àwọn Lárúbáwá gba Palermo ní 831, wọ́n lò ju igba ọdún lọ kí àwọn Norman, àwọn jagunjagun láti àríwá Faransé, tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072, Trapani sì ṣì ń jẹ kúskúsù, oúnjẹ àríwá Áfíríkà, títí dòní, wọ́n á fi omi ọbẹ̀ ẹja tutù rin ín. Ní Palermo, panelle ni kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹ̀fun ẹ̀wà chickpea ni wọ́n máa ń rò, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á dín in, wọ́n á kì í bọ àárín búrẹ́dì. Màmá ní kí n má fi orúkọ òyìnbó dààmú àwọn, búrẹ́dì àti àkàrà nìyẹn. Wọ́n tún ní búrẹ́dì tí wọ́n ki fùkù àti ọlọ inú màlúù sí, ìyẹn tèmi ni. Tí ata bá wá di ọ̀ràn, ọjà Ballarò wà ní àárín Palermo, àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ ládùúgbò yẹn, ọmọ Nàìjíríà wà láàárín wọn, mi ò rò pé Màmá máa pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa ná ọjà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Erice náà wà lórí òkè Trapani, wáyà ló ń gbé èèyàn lọ sókè. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Màmá. "Kí wọ́n fi okùn so mí kọ́ sójú ọ̀run ní ọjọ́ orí mi yìí?" Ọ̀rọ̀ ti parí.

Físà ti Màmá ló kù. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, 90 yúrò lowó ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó lè san tó 30,000 yúrò tí àìsàn bá dé. Wọ́n tún fẹ́ rí ibi téèyàn máa sùn lálaalẹ́, ìyẹn ni kò jẹ́ ká lè sọ pé a máa wò ó bó bá ṣe ń lọ. A máa pàdé wọn ní Róòmù ká jọ wọ bàálù lọ Palermo, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n dá pààrọ̀ bàálù.

Agrigento ló gbẹ̀yìn, àfonífojì àwọn tẹ́ńpìlì. Tẹ́ńpìlì Concordia tó wà níbẹ̀ ti lé ní 2,400 ọdún, òpó ẹ̀ dúró ṣinṣin, torí pé wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì láyé àtijọ́ ni wọn ò ṣe wó o kó òkúta ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà, ti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Juno, àti ti ìsàlẹ̀. Mo ti fọgbọ́n ṣe é, mo ya ọfà pupa sórí máàpù, ká wọlé lókè, ká máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí orúnkún. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá, mò ń retí ọpẹ́.

"Àkànní, ta ló bi ọ́? Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún. Ìgòkè ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, Taormina ńkọ́? Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo mú báírò, mo yí orí ọfà náà sókè.