Ọdún Tí Mo Fi Kó Ewé

Lópin ọdún tó kọjá, ẹ̀yin ẹlẹ́rìí mi, mo ṣèlérí pé màá máa sáré láràárọ̀, màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, mi ò sì ní da ọwọ́ lé ohun tó bá ju agbára mi lọ. Mi ò sáré. Mi ò lúwẹ̀ẹ́. Mo ra ilé.

Gbogbo nǹkan yòókù tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí ti wọnú ilé yẹn lọ. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, màá ní mò ń tọwọ́ bọ̀wé ni. Mo tọwọ́ bọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà, mo tọwọ́ bọ̀wé ní báǹkì, mo tún tọwọ́ bọ ìwé kan tó ní mo gbà pé mo ti tọwọ́ bọ àwọn ìwé tó kù.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ èmi àti igi. Ọdún mọ́kànlá tí a fi háyà ilé, páìpù ìdọ̀tí aládùúgbò ni mò ń kí láàárọ̀ tí mo bá ṣí fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìlànà 3-30-300 tí Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi ìgboro, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021 gbọ́ bí ìhìnrere: kí èèyàn máa rí igi mẹ́ta láti ilé rẹ̀, kí ìbòji igi bo ìdá 30 nínú 100 àdúgbò, kí ọgbà ìgbafẹ́ má sì jìnnà ju 300 mítà lọ. Mo fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà ọgbà. Mo ka igi àdúgbò náà títí mo fi lé ní ogójì. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti ka igi tán. Ṣé ẹ ti ka ibi tí ògiri ti lanu?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

Bàbá mi náà kìlọ̀ fún mi lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ òjò ni kó o lọ wo ilé tó o bá fẹ́ rà. Oòrùn kì í tú àṣírí ilé." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ. Ẹ̀ẹ̀marààrún ni oòrùn ń ràn, tí òjìji igi ńlá ẹnu géètì ń jó lára ògiri. Ta ni ìfẹ́ ń pa tó tún ń wo gọ́tà?

Oṣù kẹjọ la kó wọlé. Òru ọjọ́ kẹta, òjò dé, omi sì gba ẹ̀yìn ògiri wọ pálọ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi lọ yá àkàbà lọ́wọ́ Màmá òdìkejì títì. Wọ́n ní, "Káàbọ̀ sí àdúgbò, ọmọ mi. Ẹni tó tà á fún ọ náà, àkàbà mi ló máa ń yá."

Mo tọwọ́ bọ gọ́tà. Ewé tó wà níbẹ̀ ti kọjá ewé, ó ti di ilẹ̀: ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí inú igbó, ekòló ń yí nínú rẹ̀. Igi kékeré kan ti hù síbẹ̀ pẹ̀lú ewé mẹ́rin lórí, gbòǹgbò rẹ̀ sì wé mọ́ ìṣó tó gbé gọ́tà dúró. Àpò mẹ́tàdínlógún ni mo kó sọ̀kalẹ̀. Aláǹgbá kan wà níbi tí ògiri ti lanu, ó ń mi orí sí mi. Ẹ mọ òwe yẹn, ẹ má pa á fún mi.

Púlọ́ńbà tún wá bá gbòǹgbò nínú páìpù ìdọ̀tí. Mo ní igi ńlá ẹnu géètì ló fọ́ ọ. Ó ní rárá o, oríkèé páìpù ló ti ń jò tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò kàn tẹ̀ lé ọ̀rinrin wọlé ni. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ní ká gé igi náà lulẹ̀, ká sinmi. Ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ló dá wa dúró: orí amọ̀ ni ilé wa wà, igi náà sì ti ń mu omi níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Tí a bá gé e, amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tí igi ń mu, á wú, ó sì lè gbé ìpìlẹ̀ sókè. Àṣé ohun tó ń yọ ilé mi lẹ́nu náà ló ń mú un dúró. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti bọ̀ọ̀dá mi ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ̀ka méjì tó nà sórí òrùlé nìkan la gé.

Bàbá ò rí òjò yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ní oṣù keje mọ̀ ọ́n, ẹ ṣeun, mi ò ní tún un sọ. Ẹyọ ohun kan péré. Ògiri ni fèrèsé yàrá wọn kọjú sí ní ilé ìwòsàn. Lọ́dún 1984, olùwádìí kan, Roger Ulrich, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science nípa àwọn aláìsàn 46 kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún: àwọn 23 tó ń rí igi láti ojú fèrèsé tètè lọ sílé ju àwọn 23 tó ń rí ògiri bíríkì lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré sí tiwọn. Kí ló dé tí mo tiẹ̀ kà á? Mo ya fọ́tò igi ẹnu géètì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú Bàbá. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ewé yìí mà pọ̀ o. Ta ló máa gbá a?"

Èmi ni, Bàbá. Àpò mẹ́tàdínlógún.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gọ́tà. Mo ti mọ gọ́tà fọ̀ báyìí débi pé àwọn ìbejì ní kí n fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ìyá Ìbejì ò tíì sọ "mo sọ fún yín" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọpẹ́ ńlá nìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó dí ibi tí ògiri ti lanu. Ti ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má bi mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Mo mú agbòjò, mo sọdá títì, mo kọjú sí ilé náà, mo ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á. Màmá òdìkejì ṣí fèrèsé, wọ́n bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ mi ló sọnù. Mo ní rárá, mà, ilé ni mò ń wò.

Gọ́tà apá ọ̀tún ṣì ń jò.